Ẹṣin gígùn lẹ́yìn ogójì ọdún: Kí ló dé tí ìjókòó fi ṣe pàtàkì ju ìjánu lọ?

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, ojú gbogbo máa ń wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ìdílé Balógun àti àwọn ẹlẹ́ṣin á wọlé síbi Ojúde Ọba pẹ̀lú ẹṣin tí wọ́n ti fi aṣọ aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìlù á máa dún, ìbọn ìbílẹ̀ á máa ró, fóònù á sì máa ya fọ́tò láti ọ̀tún àti òsì.

Lójú òǹwòran, gbogbo wọn ló dà bí ẹni tó mọ ẹṣin gùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ nípa ẹṣin kì í wo agbádá. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni tó wà lórí gàárì ló máa ń wò.

Ẹlẹ́ṣin kan á wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, tí èjìká rẹ̀ balẹ̀, tí ẹṣin rẹ̀ ń rìn bí ẹni pé òun náà mọ̀ pé ọdún ni. Òmíràn á wà tó di okùn ìjánu mú gírígírí, tí orúnkún rẹ̀ fún gàárì pọ̀, tí ẹṣin rẹ̀ ń la ẹnu, tó sì ń ju orí sókè sódò. Àwọn èèyàn á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ẹṣin náà ń jó. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ijó ni. Nígbà míràn, ẹnu ló ń dùn ún.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe ti owó tàbí ti ìgboyà. Ìjókòó ni. Ìjókòó sì jẹ́ ohun tí àgbàlagbà lè kọ́.

Kí ló ń gbé àgbàlagbà lọ sórí ẹṣin?

Àwọn àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba ọdún 2024 tàn ká orí ayélujára, ó sì mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò fi ọkàn sí ẹṣin rí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà ni àjọ UNESCO fi Durbar ti ìlú Kano sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún fún gbogbo ọmọ ènìyàn.

Ẹṣin kì í ṣe àjèjì ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní Nikki, lórílẹ̀èdè Benin, kò sí ọdún Gaani láìsí àwọn ẹlẹ́ṣin. Ní Burkina Faso, ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù FESPACO ń jẹ́ orúkọ Yennenga, ọmọ ọba obìnrin tí ìtàn àwọn Mossi sọ pé ó jẹ́ ògbóǹtarìgì lórí ẹṣin. Ọ̀yọ́ àtijọ́ náà fi ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin jagun ní ilẹ̀ ọ̀dàn, òkè Ọya sì ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ igbó, eṣinṣin tsetse tó ń gbé àrùn kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Èyí wà lára ohun tó sọ ẹṣin di nǹkan iyì ọba, ìjòyè àti olówó lápá gúúsù, tí kì í ṣe ohun tí gbogbo ọmọdé ń gùn lọ sóko. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ Yorùbá tó fẹ́ gun ẹṣin lónìí, àgbà ló ti dà kó tó fọwọ́ kan gàárì.

Àwọn kan fẹ́ gbé orúkọ ìdílé wọn ga lọ́jọ́ ọdún. Dókítà ti sọ fún àwọn mìíràn pé kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá, ẹṣin sì wù wọ́n ju sísáré lójú títì lọ. Ọmọ àwọn mìíràn ló ń kọ́ ọ, tí ó sú wọn láti máa jókòó lẹ́bàá ọgbà wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ eléré polo, bíi ti Ìkòyí ní ìlú Èkó tó ti wà láti ọdún 1904, àti àwọn ọgbà ẹṣin aládàáni ní àwọn ìlú ńlá ló sábà máa ń jẹ́ ẹnu ọ̀nà àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìbẹ̀rù ń fi ara ṣe

Yorùbá ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ṣubú lórí ẹṣin lè dìde, kó gbọn iyanrìn dànù, kó ní kí wọ́n tún gbé òun gùn ún. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ronú nípa ẹ̀yìn rẹ̀, nípa iṣẹ́ tó fẹ́ lọ lọ́jọ́ Ajé àti nípa ọmọ tó fẹ́ san owó ilé ẹ̀kọ́ fún. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ìwà ojo. Ọgbọ́n ni.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ̀rù bá ba èèyàn lórí ẹṣin, ohun tí ara fẹ́ ṣe ni ohun tí kò yẹ kó ṣe.

Àyà á tẹ̀ síwájú, ojú á wo ilẹ̀, gìgísẹ̀ á gòkè, orúnkún á fún gàárì, ọwọ́ á sì fa okùn ìjánu. Ẹni tó ń ṣe báyìí rò pé òun ń di ara òun mú ni. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Bí a bá fún ọṣẹ tó tutù mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ṣe ló máa yọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúnkún tó ń fún gàárì ṣe máa ń ti ẹni tó ni ín sókè kúrò lórí ìjókòó.

Ní ti ẹṣin, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó tako ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Gìgísẹ̀ tó ń gún un níhà ń sọ pé kó máa lọ, ọwọ́ tó ń fa irin ẹnu rẹ̀ ń sọ pé kó dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ara ẹṣin kò ṣe é fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún: bí eṣinṣin kan bá bà lé e, ó mọ̀. Ẹ̀dá tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ nínú igbó ni láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá le gbandi, ó lè gbà pé ohun tó ń bani lẹ́rù wà nítòsí. Ẹ̀rù á wá ba àwọn méjèèjì.

Báwo ni ìjókòó tó dára ṣe rí?

Xenophon, ọ̀gágun ará Gíríìkì, kọ ìwé nípa ẹṣin gígùn ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé kò yẹ kí ẹlẹ́ṣin jókòó bí ẹni tó wà lórí àga, pé ó yẹ kó dà bí ẹni tó nàró tó sì ya ẹsẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn Gíríìkì kò tíì ní àlùkẹ́ḿbù, ìyẹn irin ẹ̀gbẹ́ gàárì tí ẹlẹ́ṣin ń ti ẹsẹ̀ bọ̀. Ìmọ̀ràn náà ni àwọn olùkọ́ ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní.

Ìdánwò tí wọ́n sábà máa ń lò rọrùn: ká ní wọ́n yọ ẹṣin kúrò lábẹ́ rẹ lójijì, ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì lo máa fi dúró sílẹ̀, àbí ìdí lo máa fi jókòó, àbí o máa dojú bolẹ̀? Ẹni tó bá máa fi ẹsẹ̀ dúró ló jókòó dáadáa.

Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tí olùkọ́ ń wò nìyí:

- Ojú: Iwájú ni kó máa wò, síbi tí ẹlẹ́ṣin ń lọ, kì í ṣe etí ẹṣin tàbí ilẹ̀. Orí èèyàn wúwo. Bó bá tẹ̀, ara yòókù á tẹ̀ lé e.
- Èjìká, ìbàdí àti gìgísẹ̀: Bí èèyàn bá wo ẹlẹ́ṣin láti ẹ̀gbẹ́, ó yẹ kí etí, èjìká, ìbàdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo tó nàró.
- Eegun ìdí: Eegun méjèèjì tí èèyàn fi ń jókòó gbọ́dọ̀ gbé ìwọ̀n ara dọ́gbadọ́gba. Bí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì lọ, ẹṣin á máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.
- Ọwọ́: Láti ìgúnpá dé ọwọ́ dé irin ẹnu ẹṣin, ìlà tààrà ni kó jẹ́. Ìgúnpá á ká wọlé, ọwọ́ á sì máa bá orí ẹṣin lọ bó ṣe ń mì.
- Itan àti orúnkún: Kí wọ́n rọ̀ sílẹ̀ yí gàárì ká, kí wọ́n má ṣe fún un.
- Ẹsẹ̀: Ibi tó fẹ̀ jù ní àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń sinmi lórí àlùkẹ́ḿbù, gìgísẹ̀ á sì rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí àwòrán kì í fi hàn: mímí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń gbé èémí dúró láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ kan fi máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè tàbí kí wọ́n ní kó máa kọrin. Kò sẹ́ni tó lè kọrin kó má mí.

Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí eegun ìdí rẹ̀ wà lè bẹ̀rẹ̀ nílé. Kó jókòó lórí àga onígi, kó ti àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí, kó máa mì síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Á mọ eegun méjì tó le lórí ọwọ́ rẹ̀. Kó tún dúró sórí àtẹ̀gùn, kó fi iwájú ẹsẹ̀ nìkan tẹ̀ ẹ́, kó di ògiri mú, kó sì jẹ́ kí gìgísẹ̀ máa lọ sílẹ̀. Bí ó ṣe máa rí lórí àlùkẹ́ḿbù nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí kò ní ìjánu

Ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lẹ́nu ni pé olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ lè má fún wọn ní okùn ìjánu lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Olùkọ́ á dúró láàárín, á fi okùn gígùn mú ẹṣin, ẹṣin á máa rìn yí i po. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ju kó jókòó lọ. Wọ́n lè ní kó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó gbé e lé ìbàdí, kó di ojú, kó sọ ẹsẹ̀ tí ẹṣin ń gbé.

Àwọn kan máa ń bínú sí èyí, wọ́n á ní ọmọdé ni wọ́n fi àwọn ṣe. Ṣùgbọ́n nílé ẹ̀kọ́ Spanish Riding School ní ìlú Vienna, lórílẹ̀èdè Austria, tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹṣin á wà lórí okùn, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mú ìjánu, kò sì ní lo àlùkẹ́ḿbù, títí ìjókòó rẹ̀ á fi dúró fúnra rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí kò tíì lè jókòó láìdi nǹkan mú á fi ẹnu ẹṣin ṣe ọ̀pá ìdìmú. Irin ìjánu sì wà ní àlàfo tí kò ní eyín láàárín eyín iwájú àti eyín ẹ̀yìn ẹṣin, níbi tí ẹran tínínrín bo eegun. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá nílò nǹkan láti dì mú, kó di irun ọrùn ẹṣin tàbí iwájú gàárì mú.

Lẹ́yìn ìrìn lásán ni trọ́ọ̀tì, ìsáré díẹ̀ tí ẹṣin ti ń gbé ẹsẹ̀ ní méjì-méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbọn bí ìpàǹpá. Olùkọ́ á kọ́ wọn láti máa dìde, kí wọ́n máa jókòó, bí ẹsẹ̀ ẹṣin ṣe ń lọ. Ẹni tó ti jó sí ìlù rí kì í pẹ́ gbọ́ ọ: ìrìn lásán jẹ́ ìlù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, trọ́ọ̀tì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kántà tó yára jù ú lọ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí ara bá ti gbọ́ ìlù náà, gbígbọ̀n á dín kù.

Kò sẹ́ni tó lè sọ iye ọ̀sẹ̀ tó máa gbà. Ara yàtọ̀ sí ara, ẹṣin yàtọ̀ sí ẹṣin. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kó já sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún.

Àwọn tí ọjọ́ orí àti àìlera kò dá dúró

Hiroshi Hoketsu, ọmọ Japan, kópa nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo lọ́dún 1964. Nígbà tó di ọdún 2012, ó tún gun ẹṣin níbi Òlíńpíìkì London. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni nígbà náà.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Lis Hartel, ọmọ Denmark, lọ́dún 1944. Ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n sì ní láti máa gbé e gun ẹṣin. Síbẹ̀, ó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà ní Òlíńpíìkì Helsinki lọ́dún 1952, nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gba obìnrin láàyè láti bá ọkùnrin díje nínú ẹ̀ka náà. Ó tún gba fàdákà mìíràn lọ́dún 1956. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè fún ẹṣin mú ló fi ìjókòó bá ẹṣin sọ̀rọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Sally Swift gbé ayé pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn tó wọ́ láti kékeré. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló wá gbájú mọ́ kíkọ́ àwọn èèyàn ní bí wọ́n ṣe lè fi mímí, ojú tó rọ̀ àti ìmọ̀ nípa ara wọn jókòó dáadáa. Ìwé rẹ̀, Centered Riding, jáde lọ́dún 1985, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Hoketsu kò bẹ̀rẹ̀ ẹṣin gígùn lágbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi hàn pé agbára apá kọ́ ló ń gbé èèyàn dúró lórí ẹṣin. Bó bá jẹ́ agbára ni, kò sí alágbára tó lè fi apá dá ẹranko tó wọn 400 kílò dúró.

Ẹṣin náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń tẹ̀ lé ìlànà pé kí ìwọ̀n ẹlẹ́ṣin àti gàárì má ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹṣin lọ. Ẹṣin tó bá wọn 350 kílò kò yẹ kó gbé ju 70 kílò lọ. Ẹni tó bá wọn 95 kílò, tí gàárì rẹ̀ sì jẹ́ 10 kílò, nílò ẹṣin tó wọn tó 525 kílò. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí ọ̀pọ̀ ẹṣin ìbílẹ̀ wa kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Kí àgbàlagbà tó sanwó níbikíbi, ó yẹ kó wo àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- Ṣé egbò wà lẹ́yìn ẹṣin tàbí létí ẹnu rẹ̀? Ọgbà tó ń fi ẹṣin tó ní egbò kọ́ èèyàn kò ní tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa.
- Ṣé wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àṣíborí tó bá orí rẹ̀ mu, tó sì ní okùn àgbọ̀n? Àṣíborí tó ti forí gbá nǹkan rí kò ṣe é lò mọ́.
- Ṣé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ọgbà yí i ká, àbí ojú títì ni?
- Ṣé bàtà akẹ́kọ̀ọ́ ní gìgísẹ̀? Bàtà pẹlẹbẹ lè mú kí ẹsẹ̀ yọ̀ wọnú àlùkẹ́ḿbù kó sì há.
- Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ti gba abẹ́rẹ́ tetanus? Ẹni tó bá ní ìṣòro ẹ̀yìn, egungun tàbí tó lóyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ọjọ́ ọdún yàtọ̀ sí ọjọ́ ẹ̀kọ́

Ọgbà tó dákẹ́ rọ́rọ́ kò jọ ojúde tí ìbọn ti ń ró. Ẹṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ tán, àyàfi ẹ̀yìn rẹ̀ gangan àti iwájú orí rẹ̀. Nítorí náà, ọmọdé tó bá sáré kọjá lẹ́yìn rẹ̀ lè mú kó ta nípàá. Ẹni tó fẹ́ gun ẹṣin lọ́jọ́ ọdún gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, pẹ̀lú ẹṣin tí ariwo ti mọ́ lára, kí ẹni tó mọ ẹṣin náà sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò gbọdọ̀ wé okùn ìjánu mọ́ ọrùn ọwọ́ láéláé, nítorí bó bá ṣubú, ẹṣin lè wọ́ ọ. Bí ẹṣin bá sì fẹ́ sáré lọ, fífa okùn méjèèjì pọ̀ lè má dá a dúró. Bí àyè bá wà, kó jókòó wọnú gàárì, kó mí, kó sì fi okùn kan yí ẹṣin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí òbírí títí á fi rọlẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Àwọn kan náà ló ní bí ẹṣin bá dá ni, à ń tún un gùn ni. Ẹ̀kọ́ ìjókòó wà láàárín òwe méjèèjì: ó ń dín ìṣubú kù, ó sì ń jẹ́ kó rọrùn láti padà gun gàárì.

Ọjọ́ tí àgbàlagbà bá mọ̀ pé òun ti ń gbọ́ ọ kì í ṣe ọjọ́ tí ẹṣin bá sáré jù. Ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ lásán kan nínú ọgbà, tí ẹṣin ń rìn yípo, tó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀, tó rí i pé ìka òun kò fún nǹkan kan mọ́. Ẹṣin náà á na ọrùn sílẹ̀, á mí ìmí gígùn láti imú, àwọn méjèèjì á sì jọ máa lọ.